Bí a ṣe ń fa ẹ̀rọ kan lé VM lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ mìíràn bá ń jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Intel I350-T4 ní pọ́ọ̀tù mẹ́rin, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, 8086:1521, ni pọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń jẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ kí pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ olùgbàlejò, ìyẹn kọ̀ǹpútà gidi tí àwọn VM (virtual machine, kọ̀ǹpútà àfọwọ́dá) ń gbé inú rẹ̀, kí ẹ sì fa pọ́ọ̀tù kejì àti ìkẹta lé VM tí ń ṣiṣẹ́ firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn wá ni pé kí a kọ vfio-pci.ids=8086:1521 sí ìlà àṣẹ kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí káàdì yìí, vfio-pci, ìyẹn dráífà (ètò tí kernel fi ń darí ẹ̀rọ) tó ń di ẹ̀rọ mú de VM, yóò gba pọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá, olùgbàlejò kò sì ní ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan mọ́ nígbà tó bá fi tàn tán. Bí sáfà náà bá wà nílùú mìíràn, ìrìn àjò nìyẹn.

Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ kan pàtó. Ìdá àkọ́kọ́ rẹ̀ ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é: 8086 ni Intel, 10de ni NVIDIA, 1002 ni AMD. Ìdá kejì ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá jẹ́ irú kan náà ló ń jẹ́ ẹ ní àjẹ́pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí tí ènìyàn bá dé àárín ọjà tó ké "Ìyá Ìbejì!": obìnrin mẹ́rin lè dáhùn, kò sì sí èyí tó ṣì í gbọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan pàtó níláti dárúkọ ìsọ̀ tí onítọ̀hún jókòó sí. Ìsọ̀ ẹ̀rọ ni àdírẹ́sì PCI rẹ̀, irú bíi 0000:03:00.1. Òǹkà àkọ́kọ́ ni domain, èkejì ni bus, ẹ̀kẹta ni slot, èyí tó wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró sì ni function. Kò sí ẹ̀rọ méjì tó lè ní àdírẹ́sì kan náà nínú kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni a ó sì fi ṣiṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Mo ń lo Debian gẹ́gẹ́ bí olùgbàlejò nínú àpẹẹrẹ mi, mo sì máa ń tọ́ka sí Proxmox, ètò tí wọ́n kọ́ lórí Debian fún títọ́jú VM, níbi tí ọ̀nà bá ti yà. Gbogbo àṣẹ tó wà níhìn-ín ni ẹ ó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi root. Ẹ má ṣe fi sudo síwájú àṣẹ echo tó ń kọ nǹkan sínú fáìlì, nítorí echo nìkan ni sudo ń fún lágbára, kì í ṣe àmì ìtọ́ka tó ń kọ̀wé sínú fáìlì náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i pé IOMMU ń ṣiṣẹ́

IOMMU ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń pààlà sí ibi tí ẹ̀rọ lè dé nínú mẹ́mọ́rì, kí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ VM má bàa kọjá àyè rẹ̀. Ẹ tan VT-d nínú BIOS bí ó bá jẹ́ Intel, tàbí AMD-Vi bí ó bá jẹ́ AMD. Fún Intel, ẹ fi intel_iommu=on kún GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú fáìlì /etc/default/grub, kí ẹ ṣe update-grub, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí fódà /sys/kernel/iommu_groups bá ṣófo lẹ́yìn èyí, kò tíì ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí tó lè ṣeé ṣe títí yóò fi ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà

lspci -Dnnk -d 8086:1521

Àmì -D ń mú kí domain hàn, -nn ń mú kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ hàn pẹ̀lú orúkọ, -k sì ń fi dráífà tó di ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mú hàn. Lórí kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ yìí, ìlà mẹ́rin ni yóò jáde, láti 0000:03:00.0 títí dé 0000:03:00.3, igb ni yóò sì jẹ́ dráífà gbogbo wọn. Bí ìlà kan ṣoṣo bá jáde fún ẹ̀rọ tiyín, kò sí ìforígbárí kankan, ẹ lè lo vfio-pci.ids láìbẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ èyí tó jẹ́ èwo kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ní kété tí vfio-pci bá ti gba ẹ̀rọ kan, olùgbàlejò kò lè bi í léèrè púpọ̀ mọ́. Nígbà tí igb ṣì di pọ́ọ̀tù náà mú, ẹ ka àdírẹ́sì MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń dá jẹ́:

cat /sys/bus/pci/devices/0000:03:00.1/net/*/address

Ẹ ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ihò tí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, nítorí pé ètò tí wọ́n to ihò sí lára káàdì kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn fojú inú wò. Àṣẹ yìí ń mú kí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò náà máa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:

ethtool -p enp3s0f1 15

Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ihò náà, kí ẹ kọ àdírẹ́sì PCI rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ju gbogbo àṣẹ yòókù lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé àdírẹ́sì PCI wà nínú orúkọ enp3s0f1 fúnra rẹ̀: bus 3, slot 0, function 1. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Bí ó bá jẹ́ odindi káàdì méjì ni ẹ ní, tí ẹ fẹ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì kódà lẹ́yìn tí vfio-pci ti gbà wọ́n, ẹ wo ìlà Device Serial Number tí lspci -vv ń fi hàn. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló ní in, ṣùgbọ́n I350 ní in.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo agbo tí wọ́n wà

find /sys/kernel/iommu_groups/ -type l | sort -V

Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà nínú agbo IOMMU kan ni a kò lè pín láàárín olùgbàlejò àti VM. Linux mọ̀ pé I350 ya àwọn pọ́ọ̀tù rẹ̀ sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ kó wà ní agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò módábọọ̀dù tí ẹ ki káàdì náà bọ̀ kò bá ní ààbò ACS, èyí tó ń ya àwọn ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, gbogbo wọn yóò dà pọ̀ sínú agbo kan, QEMU, ètò tó ń tan VM gan-an, yóò sì kọ̀ láti tan VM náà, yóò sọ pé agbo náà "is not viable", ìyẹn ni pé kò ṣeé lò. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n gbé káàdì náà lọ sí ihò mìíràn, pàápàá èyí tó so mọ́ CPU tààrà, kí n sì tún yẹ àwọn agbo náà wò. Kernel Proxmox ní àfikún kan tí wọ́n ń pè ní pcie_acs_override tó lè fipá tú agbo ká. Kò sí nínú kernel Linux gan-an, nítorí pé ohun tó ń ṣe ni kó sọ fún kernel pé ààbò wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi kì í lò ó fún VM tó dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yọ ohun tó ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ gba ẹ̀rọ kúrò

Bí ẹ bá ti tẹ̀lé ìtọ́sọ́nà mìíràn rí, ó ṣeé ṣe kí ìlà vfio-pci.ids wà nínú GRUB, tàbí kí options vfio-pci ids= wà nínú fáìlì kan lábẹ́ /etc/modprobe.d. Àṣẹ yìí yóò wá wọn jáde:

grep -r "8086:1521" /etc/default/grub /etc/kernel/cmdline /etc/modprobe.d

Bí ó bá sọ pé /etc/kernel/cmdline kò sí, ẹ má ṣe dààmú. Àwọn Proxmox tó ń fi systemd-boot tàn ló ń lò ó. Ẹ pa ìlà tó bá jáde rẹ́, kí ẹ ṣe update-grub àti update-initramfs -u. Lórí Proxmox tó ń lo systemd-boot, proxmox-boot-tool refresh ni ẹ ó fi rọ́pò update-grub. Ẹ sì wo àwọn script àtijọ́ tó ń kọ nọ́ńbà sínú fáìlì new_id ti vfio-pci, nítorí àìsàn kan náà ló ń ṣe é: irú ẹ̀rọ ló ń dárúkọ, kì í ṣe ẹ̀rọ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi àdírẹ́sì yan ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́

Láti Linux 3.16, tó jáde ní 2014, ni ẹ̀rọ PCI kọ̀ọ̀kan ti ní fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ driver_override. Bí a bá kọ orúkọ dráífà kan sínú rẹ̀, dráífà yẹn nìkan ló lè gba ẹ̀rọ náà, ohun yòówù kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ dán an wò:

modprobe vfio-pci
echo vfio-pci > /sys/bus/pci/devices/0000:03:00.1/driver_override
echo 0000:03:00.1 > /sys/bus/pci/devices/0000:03:00.1/driver/unbind
echo 0000:03:00.1 > /sys/bus/pci/drivers_probe

Ìlà kejì ń sọ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, ìkẹta ń gbà á lọ́wọ́ igb, ìkẹrin sì ń ní kí kernel tún wá dráífà fún un. Bí ẹ bá tún ṣe lspci -Dnnk -d 8086:1521 báyìí, ẹ ó rí vfio-pci lábẹ́ 03:00.1 nìkan, igb yóò sì wà lábẹ́ mẹ́ta yòókù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò fẹ́, títún kọ̀ǹpútà tàn yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí a fi ọwọ́ ṣe é ṣáájú.

Nígbà tó bá ti dá yín lójú, driverctl yóò bá yín fi pamọ́ títí lọ:

apt install driverctl
driverctl set-override 0000:03:00.1 vfio-pci
driverctl set-override 0000:03:00.2 vfio-pci
driverctl list-overrides

Yóò máa tún un ṣe nígbàkúùgbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Ní ibi tí iná ọba ti ń lọ tó sì ń dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan, ètò tó bá níláti dúró de ẹni tí yóò wá tẹ àṣẹ kì í ṣe ètò. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀rọ padà fún olùgbàlejò, driverctl unset-override ni ẹ ó lò.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fa ẹ̀rọ náà lé VM lọ́wọ́

Nínú libvirt, ètò tó ń bójú tó VM lórí Debian, ẹ ṣí VM náà pẹ̀lú virsh edit, kí ẹ sì fi èyí sí abala devices:

<hostdev mode='subsystem' type='pci' managed='yes'>
  <source>
    <address domain='0x0000' bus='0x03' slot='0x00' function='0x1'/>
  </source>
</hostdev>

Ohun kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Òǹkà tí lspci ń kọ kì í ṣe òǹkà ojoojúmọ́ wa. Ìpìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni. Bí lspci bá kọ bus 10, 0x10 ni ẹ ó kọ, ìyẹn mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá kọ 10 láìsí 0x ti dárúkọ bus mìíràn, ẹ̀rọ mìíràn sì lè wà níbẹ̀.

Lórí Proxmox, àṣẹ kan ti tó, bí irú módábọọ̀dù àfọwọ́dá VM náà bá jẹ́ q35 (101 ni nọ́ńbà VM náà):

qm set 101 -hostpci0 0000:03:00.1,pcie=1

Ẹ má ṣe gbàgbé .1 tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ 0000:03:00 lásán, Proxmox yóò kó gbogbo function tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún VM, títí kan pọ́ọ̀tù tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbà wọlé. Proxmox 8 tún ní ètò Resource Mappings, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ tó wà ní àdírẹ́sì náà ṣì ń jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀, kó tó tan VM. Ó dára, mo sì gbà yín níyànjú láti lò ó, ṣùgbọ́n kò lè gbà yín lórí ọ̀ràn tiwa yìí: bí pọ́ọ̀tù mìíràn tó ń jẹ́ 8086:1521 bá bọ́ sí àdírẹ́sì náà, àyẹ̀wò yẹn kò ní mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tí VM bá tàn, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi àdírẹ́sì MAC tó ń fi hàn wé èyí tí ẹ kọ sórí ìwé. Òun ni ẹ̀rí. Àdírẹ́sì PCI tí ẹ ó rí nínú VM yóò yàtọ̀ sí ti olùgbàlejò, kò sì yẹ kí ìyẹn dà yín láàmú, nítorí QEMU ló fún un ní ìsọ̀ tuntun níbẹ̀.

Nígbà tí àdírẹ́sì bá ṣípò

Àdírẹ́sì kò lè jẹ́ ti ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò so mọ́ ẹ̀rọ kan títí ayé. BIOS ló ń ka àwọn bus bí ó ti ń bá wọn pàdé. Bí ẹ bá ki SSD tuntun bọ ihò M.2, tàbí tí ẹ tan ohun kan nínú BIOS, bus 03 àná lè di bus 04 lónìí. Mo ti rí i lórí kọ̀ǹpútà mi: mo fi SSD kan kún un lálẹ́, nígbà tó tàn, enp3s0f0 ti di enp4s0f0, fáìlì nẹ́tíwọ́ọ̀kì olùgbàlejò ṣì ń wá orúkọ àtijọ́, mo sì pàdánù ọ̀nà àtiwọlé pátápátá títí mo fi gbé mọ́nítọ̀ lọ sídìí rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà ni pé mo ń fi MAC sọ pọ́ọ̀tù olùgbàlejò lórúkọ, kí orúkọ rẹ̀ má bàa tẹ̀lé bus kiri. Ẹ kọ fáìlì /etc/systemd/network/10-ile.link báyìí, kí ẹ fi MAC tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

[Match]
PermanentMACAddress=aa:bb:cc:dd:ee:f0
[Link]
Name=ile0

Ẹ ṣe update-initramfs -u, kí ẹ sì lo ile0 nínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ní ti VM, ẹ pa títàn fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà láti fi ohunkóhun kún un tàbí yọ ọ́ kúrò: virsh autostart --disable, tàbí qm set 101 --onboot 0. Bí ẹ bá tún pa á dé, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ rí i pé àdírẹ́sì kò ṣípò, kí ẹ tó tan VM. Ìṣọ́ra yìí ṣe pàtàkì jù nígbà tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ SSD, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ máa ń padà dé, ṣùgbọ́n dátà tí VM bá kọ nǹkan lé lórí kì í padà.

Káàdì àwòrán méjì, SSD méjì, USB méjì

Káàdì àwòrán méjì tó jẹ́ irú kan náà, bíi GTX 1070 méjì tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ 10de:1b81, ní ìṣòro kan tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní: dráífà wọn kì í fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn bó bá ti gbà wọ́n. A níláti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Fáìlì boot_vga lábẹ́ àdírẹ́sì káàdì kọ̀ọ̀kan yóò sọ èyí tí BIOS fi tàn. 1 ni tirẹ̀, 0 sì ni ti èkejì. Èyí tó jẹ́ 0 ni kí ẹ fún VM. Bí ó bá wà ní 0000:02:00, ẹ kọ èyí sí /etc/modprobe.d/vfio.conf, kí ìlà install wà lórí ìlà kan ṣoṣo:

install vfio-pci for d in 0000:02:00.0 0000:02:00.1; do echo vfio-pci > /sys/bus/pci/devices/$d/driver_override; done; /sbin/modprobe --ignore-install vfio-pci
softdep nouveau pre: vfio-pci
softdep nvidia pre: vfio-pci
softdep snd_hda_intel pre: vfio-pci

Function .1 ni ohùn káàdì náà, inú agbo kan náà ló sì máa ń wà pẹ̀lú àwòrán, nítorí náà wọ́n níláti jọ lọ. Ẹ fi vfio-pci kún /etc/initramfs-tools/modules, kí ẹ ṣe update-initramfs -u.

Fún SSD NVMe, kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì kankan, ẹ ṣe findmnt / láti mọ èyí tí olùgbàlejò ń gbé lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ka fáìlì address àti serial lábẹ́ /sys/class/nvme/nvme0 àti nvme1. Serial ni kí ẹ fi wé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ SSD náà lára. Orúkọ nvme0 àti nvme1 lè pààrọ̀ ara wọn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn, nítorí náà ẹ má ṣe gbára lé wọn.

USB ní ìṣòro tirẹ̀. Wáyà serial CH340 méjì ń jẹ́ 1a86:7523, wọn kì í sì í sábà ní serial tó yàtọ̀. Nọ́ńbà device tí lsusb ń kọ kò ṣeé fi ṣe àdírẹ́sì, torí pé ó máa ń yí padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá yọ wáyà náà tí ẹ sì tún kì í. Ihò tí ẹ ki wáyà náà bọ̀ ni kí ẹ dárúkọ. Àṣẹ lsusb -t yóò fi bus àti pọ́ọ̀tù hàn. Lórí Proxmox, ẹ kọ:

qm set 101 -usb0 host=1-2

Èyí túmọ̀ sí bus 1, pọ́ọ̀tù 2. Lórí QEMU lásán, usb-host,hostbus=1,hostport=2 ni. Bí ẹ̀rọ USB bá pọ̀, ó sàn kí ẹ fa odindi káàdì USB kan lé VM lọ́wọ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì PCI rẹ̀, kí ohunkóhun tí ẹ bá ki bọ̀ ọ́ jẹ́ ti VM yẹn.

Ìforígbárí tó ń wá látinú àdàkọ VM

Bí ẹ bá fi virt-clone da VM kan kọ, yóò fún ẹ̀dà náà ní MAC tuntun fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfọwọ́dá rẹ̀, ṣùgbọ́n hostdev yóò ṣì máa tọ́ka sí 0000:03:00.1. VM méjèèjì kò lè tàn pọ̀. Èyí tó bá kẹ́yìn ni libvirt yóò kọ̀, yóò sì sọ VM tó ń lo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ẹ yọ hostdev kúrò nínú ẹ̀dà, tàbí kí ẹ yí function rẹ̀ sí pọ́ọ̀tù kẹrin tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ àṣẹ QEMU tún níláti rí i pé id= tí wọ́n fún -device kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí addr= méjì má sì bọ́ sí slot kan náà. QEMU yóò kọ̀ láti tàn bí èyíkéyìí bá papọ̀, ó sì máa ń dárúkọ slot àti ẹ̀rọ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tó kọ dé òpin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan.